Òkun Ni, Kì Í Ṣe Okùn

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fi ẹja sí i?" ni nọ́ọ̀sì tó bẹ iṣẹ́ igo bèèrè lórí fóònù.

Ìyá Onígo, tó ń fi ṣíṣe igo lọ́ṣọ̀ọ́ jẹun, wo àwọn igo méjìlá tó tò sórí tábìlì. Okùn ló wé mọ́ gbogbo wọn láti ìdí dé ọrùn, àwọn òdòdó tó gé lára bébà sì wà lára okùn náà. Kò sí ẹja níbẹ̀. "Ẹja kẹ̀?" ló dáhùn.

"Ẹja, ìkarahun, ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ òkun. Ṣé ẹ mọ̀ pé atukọ̀ ni bàbá mi, orí òkun ni wọ́n ti lo ayé wọn. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn débẹ̀ mọ́, ni mo ṣe ní kí òkun wá bá wọn nílé lọ́jọ́ ìbí wọn lọ́la."

Ìgbà yìí ni Ìyá Onígo tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jẹ́. Ohun tí nọ́ọ̀sì tẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó bẹ iṣẹ́ ni "okun ni ki e fi se e loso, okun ni baba mi feran ju", kò sí àmì kan lórí ẹ̀. Ìyá Onígo kà á ní okùn. Ó tiẹ̀ ya òun àti ọkọ rẹ̀ lẹ́nu pé àgbàlagbà lè fẹ́ràn okùn tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní bóyá ewúrẹ́ ni bàbá náà ń sìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, Ìyá Onígo sì lọ ra ojúlówó okùn.

Kò ṣàlàyé kankan lórí fóònù. Ó ní kí nọ́ọ̀sì máa bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, òkun á ti wà nílẹ̀, àwọn á sì jọ sọ ìyókù lójúkojú.

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ògiri kan ló sì pààlà láàrin ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní ẹ̀bi ìyàwó òun kọ́. Ẹni tí kò fàmì sórí ọ̀rọ̀ ni kó gba ohun tó bá rí.

"Ìgbà wo lẹ̀yin náà fàmì sórí ọ̀rọ̀ rí?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í. "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ní kí n gbé 'awo' yín wá sí ṣọ́ọ̀bù, ṣebí àwo ìjẹun ni mo gbé wá, tó jẹ́ pé awò ojú lẹ ń wá?"

"Mo kúkú fi jẹun," ni onígbàjámọ̀ wí.

Ìyá Onígo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún. Bàbá tí kò lè dé etí òkun mọ́ ló ń rò. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ẹ̀rù kò bà á, nítorí ó mọ ohun tí ọwọ́ òun lè ṣe. Ọkọ rẹ̀ dábàá pé kó kó gbogbo igo náà dànù, kó wá òmíràn. Ìyá Onígo ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Ó da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ọpọ́n, ó to àwọn igo náà sínú rẹ̀, omi mù wọ́n dé èjìká. Nígbà tí gúlù tó fi lẹ okùn mọ́ wọn rọ̀, ó tú okùn kúrò ní ikùn igo, ó fi tọrùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó kun ara wọn láwọ̀ aró, ó jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ṣú ju òkè lọ. Níbi tí gúlù ti kọ̀ tí kò kúrò, ó wọ́n iyanrìn sí i, ibẹ̀ sì di etí òkun.

Ẹja ló wá kù. Bébà òdòdó nìkan ló kún àpótí rẹ̀. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá rántí kàlẹ́ńdà tí ẹlẹ́ja kan fún ọkọ rẹ̀, èyí tó fi kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Oṣù kọ̀ọ̀kan ló ní ẹja tirẹ̀.

"Ọdún ò tíì parí o," ni onígbàjámọ̀ wí, ó sì na ọwọ́ bo kàlẹ́ńdà rẹ̀.

"Ẹ máa wo ìyókù lórí fóònù yín. Oṣù ò nílò àmì."

Bébà náà nípọn ju ohun tó ń lẹ̀ mọ́ igo lọ. Ìyá Onígo rẹ ẹ́ sómi, ó ń bó ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ó gé àwọn ẹja náà, ó fi gúlù lẹ̀ wọ́n, ó ń fi ìka tẹ̀ wọ́n láti àárín lọ sí etí kí afẹ́fẹ́ má bàa há sábẹ́ wọn. Ọ̀kan ya ní ìrù, ó fi ìkarahun bò ó. Onígbàjámọ̀ tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó wá bá a ṣa ìkarahun ńlá sọ́tọ̀, kékeré sọ́tọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, fáníìṣì ti wà lára gbogbo wọn.

Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì gbé mọ́tò dé, bàbá rẹ̀ wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Kí Ìyá Onígo tó gbé igo kankan jáde ló ti sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun lòun jẹ̀bi. Wọ́n wá jọ gbé igo kan lọ bá bàbá.

Bàbá gbà á, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ẹja yìí dáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n òkun ò rí báyìí."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ìyá Onígo pé kó má bínú sí ọ̀rọ̀ bàbá òun. Ìyá Onígo ní kó fi í sílẹ̀. Igo rẹ̀ dára, ó sì mọ̀ pé ó dára. Ó fẹ́ gbọ́ èyí tó kù ni. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Báwo ló ṣe rí, bàbá?"

"Etí ilẹ̀ ló ti ń rí báyìí. Tẹ́ ẹ bá ti wọ àárín gbùngbùn, tẹ́ ẹ ò rí ilẹ̀ mọ́..." Ó wá orúkọ àwọ̀ náà tì. "Ẹnu ò lè sọ ọ́. Ojú ló mọ̀ ọ́n."

"Ẹ bọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá po àwọ̀ náà fún mi."

Nọ́ọ̀sì rọra sọ fún un pé bàbá kì í bọ́ sílẹ̀ mọ́. Látìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dà wọ́n láàmú, ibi yòówù kí wọ́n gbé wọn lọ, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí.

Ìyá Onígo kò bá a jiyàn. Ó wọlé, ó gbé àga sídìí tábìlì, ó ṣí àwọn agolo ọ̀dà, ó gbé igo òfìfo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Bàbá na ọrùn láti inú ọkọ̀. "Ṣé dúdú wà níbẹ̀?"

"Ó wà, bàbá."

"Àwọ̀ ewé ńkọ́?"

"Ó wà."

Bàbá gbé igo ọwọ́ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

"Ẹ dì mí mú," ló wí.