Adìyẹ Tó Sàba Lé Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Wa

Àṣàbí ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé mo ń rẹ́rìn-ín lójú oorun. Mo lálàá pé mo lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ awakọ̀ ilé-ìwé, iṣẹ́ tí mo ti ń wá láti èṣí. Adìyẹ pupa kan ló sàba lé gbogbo lẹ́tà ìwáṣẹ́ wa lórí tábìlì.

Ọ̀gá ilé-ìwé ní, “Ẹ rọra sọ̀rọ̀ o, ó kù díẹ̀ kó pa.”

Gbogbo àwa awakọ̀ bá ń yọ́ rìn. Ni lẹ́tà kan bá là pàà, ó ń ké bí òròmọdìẹ, orúkọ mi ló sì ń pè! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún adìyẹ.

Ọ̀gá ní, “Bàbá Bọ́lá, ẹ dìde, ìyẹ́ ti wọ̀ yín nímú.”

Mo sín, mo jí. Òní gan-an ni wọ́n ní ká wá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n mú àgbàdo dání?