Ohùn Tó Kéré Nínú Fáìlì

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, àwọn dókítà yọ gògóńgò, ibi tí ohùn ti ń jáde, lára ẹ̀gbọ́n Elétí Ehoro nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Òwúrọ̀ ni wọ́n gbé obìnrin náà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Àbúrò rẹ̀ kò sí ní ọsibítù. Ó wà nínú sítúdíò rẹ̀, ó ń bá ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀yá ìjà.

Àwọn akọrin ló sọ ọ́ ní Elétí Ehoro, wọ́n ní bí eṣinṣin bá bà lé okùn gìtá, yóò gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba ohùn sílẹ̀, kó pò ó mọ́ orin, kó sì gbé e jáde ní fáìlì tí èèyàn lè fi fóònù gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó síwájú máìkì rẹ̀, ó sì sọ gbogbo ìtàn tó fi ń rẹ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́kún.

"Bí mo bá wúkọ́, bá mi yọ ọ́," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ikọ́ rántí mi."

Obìnrin tí kì í fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù ni. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òun, ilé òun kò jìnnà. Nítorí náà, ìtàn inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni yóò kù fún àwọn ọmọ nínú ohùn ìyá wọn.

Elétí Ehoro fi gìtá jẹ́jẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Nínú sítúdíò, ohùn náà kún, ó sì hàn ketekete. Bó ṣe gbé e jáde tó fi fóònù gbọ́ ọ, ohùn náà rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ó tún un gbé jáde. Bákan náà ni. Orúkọ kan ṣoṣo ló ń fún fáìlì náà, kí tuntun máa pa ti àtijọ́ rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gbọ́ èyí tí kò dára.

Ó wò ó bóyá òun ti fa ohùn àpapọ̀ sílẹ̀. Kò fà á. Ó wo ibi tí kọ̀ǹpútà ti máa ń dá ohùn dínkù fúnra rẹ̀ bó bá ń gbé iṣẹ́ jáde, ó pa á. Ó pààrọ̀ irú fáìlì. Ó yá fóònù ìyàwó rẹ̀ láti fi gbọ́ ọ. Pàbó ló já sí.

Fóònù tirẹ̀ dún. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Àǹkú, wọ́n ti gbé mọ́mì wọlé. Èyí tó kéré jù ò sì dákẹ́. Ẹ fi ìtàn yẹn ránṣẹ́ kí n fi rẹ̀ ẹ́."

"Ó ku díẹ̀."

"Díẹ̀ ti àná náà ni, àbí òmíràn?"

"Ohùn ló kéré. Ní sùúrù."

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de fóònù rẹ̀. "Ẹ ò ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín gbọ́ ọ? Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

"Ẹni tó ń ta bàtà ni yóò wá kọ́ mi níṣẹ́ ohùn?"

"Mo ti dákẹ́. Bàtà kúkú ni tèmi, kì í sọ̀rọ̀."

Elétí Ehoro wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé àìsàn ló mú kí ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ohùn tí máìkì gbà ni kò tó. Láti ìpìlẹ̀ ni kí òun ti gbé e sókè. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kì í fọwọ́ kan ohùn àkọ́kọ́ láì kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò ṣe ẹ̀dà. Iṣẹ́ ẹlòmíràn sì ti pa á rẹ́ lórí káàdì ẹ̀rọ tó fi gba ohùn náà sílẹ̀. Ó gbé ohùn náà sókè, ó tún gbé e sókè, ó tọ́jú rẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ lórí. Nígbà tó dún bó ṣe fẹ́ lórí fóònù, ó pa gbogbo rẹ̀ dé, ó sì fi fáìlì ránṣẹ́.

Ọmọbìnrin náà pè padà.

"Àǹkú, kí lẹ ṣe sí i?"

"Ṣé kò lọ sókè ni?"

"Ó ń ya. Bí ẹni ń ya aṣọ. Ọmọ yìí tún ń ké sí i."

Ó tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́ ohun tó ń ya. Ó pe ìyàwó rẹ̀ wọlé. Obìnrin náà fetí sí i díẹ̀, ó sì fọwọ́ di etí méjèèjì.

"Ṣé lóòótọ́ ni ẹ ò gbọ́ ọ?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Elétí Ehoro dá ohùn náà dúró. Ó ti mọ̀ láti ìgbà òjò tó kọjá pé àwọn ohùn tínrín ń sá fún òun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fi agbóhùnga kan tó ń gbé ohùn sókè sí ojú ọ̀nà tí ohùn ń gbà lọ sínú sípíkà, kí òun lè máa gbọ́ wọn. Kò sí i lójú ọ̀nà tí ohùn ń gbà lọ sínú fáìlì. Ó ti lò ó títí tó fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Ó pa á. Ohùn inú yàrá rẹlẹ̀, ó rí gẹ́lẹ́ bíi ti fóònù ìṣáájú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, máìkì kò sì ṣẹ̀. Ká ní ó gbé àpapọ̀ sókè díẹ̀ lẹ́yìn tó pò ó tán, iṣẹ́ ìbá ti parí.

Ó ṣí ohùn àkọ́kọ́. Ohùn tí a bá gbé kọjá àjà rẹ̀, ṣe ni ẹ̀rọ ń gé e lórí, kì í sì í tọ́jú ohun tó gé. Lójú kọ̀ǹpútà, orí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì. Ó fà á walẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ṣì ń ya, pé ó kàn ń ya jẹ́jẹ́ ni.

Nígbà tí wọ́n gbà kí ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, báńdéèjì wà lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin náà na ọwọ́ sí fóònù àbúrò rẹ̀ láti gbọ́ ìtàn náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bà á jẹ́," ni Elétí Ehoro wí.

Obìnrin náà wò ó. Ó sún ẹsẹ̀ kúrò létí bẹ́ẹ̀dì kí ó lè ríbi jókòó. Ó ya ẹnu láti sọ nǹkan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì tún un pa dé.

Kò sí ibi kankan láyé tí ojúlówó ohùn rẹ̀ wà mọ́.