Ojú Zouleyhath Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fi wíwo ojú èèyàn jẹun. Ẹnu ọ̀nà kíliníìkì kan ní àdúgbò Akron nílùú wa ni iṣẹ́ mi wà. Èmi ni mò ń pín nímẹ́rò tí wọ́n fi ń tò wọlé fáwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n ta ló ń tẹ̀ lé nímẹ́rò? Bí o bá dé, màá wo ojú rẹ. Ojú ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ojú ẹni tí eyín ń dùn, ẹni tí kò lè dúró ni mo sì máa ń kọ́kọ́ tì wọlé. Àwọn dókítà a máa fi mí yangàn: “Ojú Rahimath kì í tàsé!” Mo gbà wọ́n gbọ́. Ìyẹn ló bà mí jẹ́.

Zouleyhath ni àbúrò mi, ọmọ ìyá kan náà. Oṣù mẹ́jọ la kò fi bára wa sọ̀rọ̀ nítorí yàrá ìyá wa ní àdúgbò Dowa. A ò tíì ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá wa tán tó ti kó àwọn èèyàn ọkọ rẹ̀ síbẹ̀. Mo bá a wí, ó dá mi lóhùn. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n!

Láàárọ̀ Àlàmísì kan nínú oṣù Júlì, Kamilath, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, pè mí lórí fóònù. “Rahimath, múra o. Zouleyhath ní lónìí lòun máa wá bá ọ níbi iṣẹ́, òun á sọ tẹnu òun.” Kamilath náà nìyẹn, ìjà ẹlòmíì máa ń dùn mọ́ ọn. Mo bá to èsì mi sẹ́nu, mo jókòó dè é.

Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà sẹ́míjàn báyìí, mo rí i: ó fajúro, ó wa eyín pọ̀, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní, ìjà ti dé. Lafiatou, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin, wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀, ó ń wò mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Zouleyhath wí.

“Mo ti rí ẹ! Ojú tí o gbé wá yẹn, gbé e padà sí Dowa! Àbí yàrá ìyá wa ò gbà yín tó ni? Gba nímẹ́rò, kí o lọ jókòó sẹ́yìn bíi gbogbo ayé!”

Ariwo mi pọ̀ débi pé gbogbo aláìsàn yíjú. Ó gba nímẹ́rò méjìlá, ó lọ jókòó. Ó rò pé bí òun bá tún la ẹnu, n ó lé òun jáde ni. Òun náà ti ka ojú tèmi tán.

Nígbà tó fi máa kan nímẹ́rò rẹ̀, oòrùn ti wà láàrin orí. Ibà ti gun ọmọ náà dé ọpọlọ. Dókítà ní, “Ká ní wọ́n tètè gbé e wọlé ni…” Kò parí rẹ̀. Èmi ló ń wò.

Lafiatou kò kú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi sùn láìmọ ẹnì kankan. Nígbà tó jí, etí rẹ̀ méjèèjì ti di. Ẹ pè é, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ lu abọ́, kò gbọ́.

Nínú oṣù Desẹ́ńbà, Gédéon, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ́ nípa ọpọlọ, wá fi àwòrán ojú dán àwa òṣìṣẹ́ wò. Pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀, èmi aláìnítìjú ṣì fi ìgbéraga jókòó. Ọ̀rọ̀ kan á kọ́kọ́ yọ lójú ẹ̀rọ rẹ̀, “ìbínú” tàbí “ẹ̀rù”. Lẹ́yìn náà ni àwòrán á yọ, kí n wá tẹ ohun tí mo rí. Mo ń tẹ̀ ẹ́ wéréwéré.

Nígbà tá a parí, ó ní, “Tàǹtí, ìbínú ni mo kọ ṣáájú ojú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn. Ẹ tẹ ìbínú fún mẹ́jọ nínú wọn. Ẹ̀rù ló ń ba gbogbo wọn.” Ó ní ẹ̀bi mi kọ́, pé ohun tí ọpọlọ bá ń retí ló máa ń tètè rí, á sì fo ìyókù. Ó tún fi ọ̀kan hàn mí láìkọ ọ̀rọ̀ kankan ṣáájú. Obìnrin kan ni, ó wa eyín pọ̀, ó sì ranjú kalẹ̀.

Yéè! Ojú tí Zouleyhath gbé wá bá mi nìyẹn. Eyín rẹ̀ ni mo rí, mi ò wo ẹyinjú rẹ̀.

Mo bọ́ sórí sẹ́míjàn, ó di Dowa. Mo bá a níbi tó ti ń fọṣọ, mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi. “Ẹ̀rù ló ń bà ọ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò rí i. Dárí jì mí.”

“Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.” Ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún.

Lafiatou jáde láti yàrá ìyá wa. Mo na ọwọ́ sí i. Ó wo ojú mi títí, ó sì sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

“Ẹ má bínú,” ni Zouleyhath wí. “Ó rò pé inú ń bí yín ni.”

“Ṣebí ẹkún ni mò ń sun!”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe jágbe mọ́ wa tán lọ́jọ́ yẹn ló sùn lọ lẹ́yìn mi. Mo rò pé oorun ni. Ohùn yín ló gbọ́ kẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n mi.”

Mo nu ojú mi. Mo gbìyànjú, mo rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà. Ó sá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.