Ẹni Ìkẹyìn ní Àgbàlá Adìẹ

Ìlú tó bá ní ètò kì í pariwo. Bẹ́ẹ̀ ni àgbàlá àwọn adìẹ rí láyé ìjọba Ìyá Pupa. Bí àgbàdo bá balẹ̀ láàárọ̀, Ìyá Pupa ni yóò kọ́kọ́ fẹnu kàn án, àwọn yòókù yóò sì máa jẹ bí ipò wọn ṣe tẹ̀ léra. Ẹni tó bá fo ipò rẹ̀, ẹni tó wà lókè rẹ̀ yóò fi àgógó sọ ọ́ lórí lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ parí. Àgbàdo kì í ṣòfò, àkókò kì í ṣòfò. Wọ́n ń fi èyí yangàn, ó sì tọ́ sí wọn.

Òpìpì, adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ kò kún, ló wà nípò ìkẹyìn. Kò rí ẹni tí yóò fi àgógó sọ. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú kí àgbàdo dín kù, àgógó wọn kò mọ ẹ̀ẹ̀kan mọ́. Orí Òpìpì bẹ́, ẹ̀jẹ̀ jáde. Adìẹ kì í sì í rí ẹ̀jẹ̀ kó mójú kúrò. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀tún ti sọ ọ́, òsì ti sọ ọ́.

Ni wọ́n bá pe ìgbìmọ̀. Funfun, tí ipò rẹ̀ fi ẹyọ kan ga ju ti Òpìpì lọ, tí àgógó rẹ̀ sì mú jù, ló dìde. Ó ní ẹ̀jẹ̀ yìí ló ń da ìlú rú. Kí wọ́n lé Òpìpì sẹ́yìn ọgbà, àlàáfíà yóò dé. Gbogbo wọn mọ̀ pé àwòdì ń rà bàbà lẹ́yìn ọgbà, síbẹ̀ wọ́n gbà. Àkùkọ tiẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀ pé àwòdì kò ní rí ìyẹ́ tu.

Òpìpì bọ́ sáàárín. Kò sunkún.

"Ìyá wa, mo júbà. Ẹ lé mi, n ó lọ. Ṣùgbọ́n ìlú tó ní ẹni àkọ́kọ́ kò lè ṣàìní ẹni ìkẹyìn. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Funfun, ọmọ ìyá mi, bí mo bá jáde lónìí, ipò wo lo máa wà lọ́la?"

Funfun wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ojú gbogbo wọn ti wà lára rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ó dúró," ló wí.

Àgbà adìẹ kan ní wọ́n máa ń sọ pé adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ó kéré tán, èyí ti mọ ara rẹ̀ lọ́mọdé.

Ìyá Pupa wá dájọ́. Ipò yóò dúró, nítorí ìlú tí kò nípò, ìjà ni yóò máa jẹ dípò àgbàdo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àgógó kan ojú egbò, ẹni yòówù kó jẹ́, abẹ́ àgò tí wọ́n fi ń dé adìẹ ni yóò wà títí egbò náà yóò fi jinná. Bó bá jáde, ẹ̀yìn gbogbo ìlú ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, hóró àgbàdo kan ta sẹ́bàá ẹsẹ̀ Ìyá Pupa. Ebi ń pa Òpìpì. Ó na ọrùn sí i. Ìyá Pupa kò rò ó wò. Àgógó rẹ̀ balẹ̀ sójú egbò.

Àkùkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òfin kì í mú ẹni tó gbé e kalẹ̀. Ìyá Pupa dá a lẹ́kun.

"Bí kò bá mú mi, ta ni yóò mú? Ẹ máa jẹun. Ẹ má fi àgbàdo ṣòfò nítorí mi."

Ó gbé orí sókè, ó gba àárín wọn kọjá bí ẹni ń lọ joyè, ó sì wọ abẹ́ àgò.

Nígbà tí egbò jinná, ó jáde, ó lọ dúró lẹ́yìn Òpìpì. Àgbàdo balẹ̀. Ó yí kan Òpìpì láti jẹ. Ó ń ṣa á jẹ, kò kánjú, kò sì wẹ̀yìn.