Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Náà Ń Wá

Kọ̀ǹpútà náà tún dún kọ́, kọ́, kọ́ nínú yàrá, bí ẹni ń fi èékánná kan ilẹ̀kùn láti inú.

"Mọ́mì, ó ti ń kú lọ," ni Zikrullah, ẹni tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe, wí. Ó rántí pé ilé ọ̀fọ̀ lòun wà, ó sì yára tún ọ̀rọ̀ náà sọ. "Mo ní, ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí ti ń bàjẹ́. Bí mo bá tú u, ó lè má dìde mọ́. Ohun tí a bá máa kó, ẹ jẹ́ ká tètè kó o."

Naomi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀, kò wọlé. Orin tí ọmọ náà máa ń gbà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Kò sí níbòmíràn. Fóònù rẹ̀ ti fọ́ yángá lójú ọ̀nà Ìdímù, níbi tí ọkọ̀ akóyanrìn ti gbá kẹ̀kẹ́ tó wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà náà, ọmọ náà nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Nígbà tó wà láyé, ó ti so ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká ìyá rẹ̀ lórí wáífáì, kí ìyá lè máa gbọ́ orin ní pálọ̀ bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà. "Ẹ ṣáà tan méjèèjì, Mọ́mì," ni ọmọ náà máa ń wí. "Wọ́n á ríra wọn fúnra wọn."

Láàárọ̀ yìí, wọn ò ríra wọn.

Zikrullah ti pa ráótà tó ń pín wáífáì, ó ti tàn án. Ó ti gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Command ló ti wá, òógùn sì ti mu ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ti pálọ̀ ti wọlé. Ti inú yàrá yìí ni ò yé mi. Ó ń wá nǹkan tí kò rí."

"Fi nǹkan òkú sílẹ̀ jàre, ìyàwó," ni Àǹtí Cecilia wí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Naomi ni. Ó jókòó nínú sùtánà funfun, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òun ló kọjú àwọn fọ́tò sí ògiri lẹ́yìn ìsìnkú. Òun ló ní ọmọ tó bá ṣáájú ìyá lọ, a kì í pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́. Gbogbo ilé gbà. Naomi náà gbà.

Wọ́n ní kí ọmọ ẹni kú, ó sàn ju kó nù lọ. Tirẹ̀ ti kú, ó sì tún fẹ́ nù.

"Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ṣé orúkọ tí wáífáì yìí ń jẹ́ láti ilẹ̀ nìyí? Ògo Olúwa?"

Naomi rántí. Ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú, Àǹtí Cecilia ṣí fóònù, ó ń wá wáífáì, orúkọ òkú sì dúró gbagidi níwájú rẹ̀. Igbe tó ké mú kí àwọn ará ilé kejì yọjú. Ẹnìkan láti ìjọ ló bá wọn yí i padà.

"A yí i," ni Naomi wí.

Zikrullah pàtẹ́wọ́. "Háà! Ẹ ti fi orúkọ tuntun han ti pálọ̀. Ta ló máa fi han ti inú yàrá, nígbà tí kò sẹ́ni tó lè ṣí i? Ti àtijọ́ ló ṣì ń wá. Kí lorúkọ náà?"

Naomi la ẹnu.

"Ìyàwó," ni Cecilia wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

Nínú yàrá: kọ́, kọ́, kọ́. Nínú gbogbo ilé yìí, ẹ̀rọ yẹn nìkan ló ṣì ń pe ọmọ náà.

"Ìníolúwa," ni Naomi wí.

Zikrullah tẹ orúkọ náà sínú ráótà láìwojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n dúró. Kò pẹ́, àwọn orin náà tò wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà alágbèéká.

"Wọ́n ti ríra wọn! Àlùhámúdúlílàhì!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn. Àkọ́kọ́ wọlé. Ìkejì dé ìdajì. Kọ́kọ́kọ́ inú yàrá yára, ó le sí i, ó sì dákẹ́.

Zikrullah sáré wọlé lọ. Nígbà tó jáde, kò lè wo ojú Naomi. "Ọ̀kan ṣoṣo la rí kó, Mọ́mì."

Naomi tẹ̀ ẹ́. Ìníolúwa gbé orin, ó kọ ìlà kan, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ni ìkòkò bá dún láti ilé ìdáná, ohùn Naomi fúnra rẹ̀ sì já lu orin náà: "Ìníolúwa! Ìníolúwa o!"

Orin dúró. Ẹ̀rín díẹ̀.

"Mà! Ẹ ti ba orin mi jẹ́, Mọ́mì. Mò ń bọ̀ mà."

Ó parí síbẹ̀.

Àǹtí Cecilia fi etí sùtánà bojú. Zikrullah ń palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́. "Mọ́mì, ṣé kí n dá Ògo Olúwa padà?"

"Rárá. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Naomi tún tẹ orin náà. Ká ní òun dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, orin nìkan ni ì bá kù. Kì bá tí sí ẹni tó ń dá òun lóhùn. Nígbà tó dé ibi tí òun ti pe ọmọ, ó pa ojú dé, ó sì dúró dè é.