Àga Ẹlẹ́rìn-ín

Ẹni tó bá ń mọ odi yí ilé ká, kó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, kó má lọ ti bàbá tó bí i mọ́ ìta. Òwe yìí kò sí lẹ́nu àwọn àgbà tẹ́lẹ̀. Obìnrin kan tí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ ń pè ní Ìyá Òfin ló fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ pa á, omijé ló sì fi pa á.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá dá nǹkan tuntun sílẹ̀ ní ìlú wọn, aládùúgbò ló dá a fún. O ṣe ọṣẹ, o fún un lórúkọ, orúkọ náà dùn lẹ́nu. Kí o tó mọ̀, ọṣẹ mìíràn ti ń jẹ́ orúkọ kan náà, èyí tó ń bó èèyàn lára sì wà nínú wọn. Ìjọba wá ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní àwọn yóò dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá ṣe ohun tuntun yóò gba pátẹ́ǹtì níbẹ̀, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe é láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Oníṣòwò náà yóò sì lè fi orúkọ àti àmì ọjà rẹ̀ sábẹ́ ààbò. Wọ́n kó àwọn amòfin jọ pé kí wọ́n kọ òfin náà. Ìyá Òfin wà lára wọn. Òun ló kéré jù, òun ló sì ń sọ̀rọ̀ jù.

Yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kò fẹ̀. Ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ṣì ń rùn, wọn ò sì tíì bọ́ ọ̀rá kúrò lára àwọn àga tuntun, bí èèyàn bá yí ìdí báyìí, ọ̀rá á ké lábẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé orí ohun tí òfin yóò kà sí tuntun. Gbogbo wọn gbà pé ohun tí aráyé bá ti rí ní gbangba kó tó dé ọ́fíìsì, kì í ṣe tuntun mọ́. Adájọ́-fẹ̀yìntì kan, bàbá tó máa ń sùn lórí ìjókòó tó sì máa ń jí síbi tó yẹ gẹ́lẹ́, ni kò jẹ́ kó parí síbẹ̀.

“Bó bá wá jẹ́ pé ẹni tó ṣe é gan-an ló fi hàn èèyàn ńkọ́?” ó béèrè. “Ẹ̀yin náà ẹ mọ àwọn èèyàn wa. Ẹni tó bá ṣe nǹkan tó dáa, kò lè pa á mọ́ra. Ẹ jẹ́ ká fún onítọ̀hún láàyè oṣù díẹ̀ kó fi rìn dé ọ̀dọ̀ wa.”

“Rárá o, sà,” Ìyá Òfin dáhùn. “Òfin tó bá ní fèrèsé, ibẹ̀ lolè máa gbà wọlé. Ẹni tó bá mọ̀ pé nǹkan òun níyì, kó panu mọ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa.”

“Ọmọ mi, ilé tí kò bá ní fèrèsé, ooru ló máa pa àwọn tó wà nínú ẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dìbò, ìbò sì gbe Ìyá Òfin. Orí rẹ̀ wú títí tó fi délé.

Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé, nítorí kò fẹ́ kí bàbá náà dá wà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Bàbá Wẹ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iwájú ilé ló ti ń jó irin pọ̀, ó ń ṣe géètì, ó ń ṣe irin ojú fèrèsé, ojú rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún. Ẹlẹ́rìn-ín ló máa ń pe ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe pé obìnrin náà kúndùn ẹ̀rín o. Ojú líle ló ní, ẹ̀rín rẹ̀ sì wọ́n. Bó bá wá bọ́ sí i láti rẹ́rìn-ín, ọkọ rẹ̀ á máa ròyìn rẹ̀ kiri bí ẹni tó rí òjò nínú ọ̀gbẹlẹ̀.

Rọpárọsẹ̀ ló mú obìnrin náà. Ó gba apá òsì, ó gba ẹsẹ̀, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó wá di ẹni tí wọ́n ń há lábíyá gbé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ǹtì, ìtìjú rẹ̀ sì ń dun ọkọ rẹ̀ ju àìsàn náà lọ. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Wẹ́dà fi ronú kan àga agbénidìde. Àga onítáyà ni. Ìjókòó rẹ̀ pín sí méjì: apá kan á gba ọ̀tún wọ abẹ́ aláìsàn, apá kejì á gba òsì wọ̀ ọ́, wọ́n á wá pàdé lábẹ́ rẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹnì kan ṣoṣo á tẹ irin kan sílẹ̀, aláìsàn á sì dìde jẹ́jẹ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni há a mọ́ra. Lábẹ́ ìgbápálé ọ̀tún, níbi tí ìka máa ń dé, bàbá náà fi irin yíyọ́ kán orúkọ sí i, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yọ síta bí kókó: ẸLẸ́RÌN-ÍN. Obìnrin tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ yìí á jókòó, á máa fi ìka wá a lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kà á tán, nígbà mìíràn á sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kú, Bàbá Wẹ́dà da aṣọ bo àga náà ní yàrá. Ará ilé nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, nítorí ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́ láyé: kí irú àga náà wà ní gbogbo ilé ìwòsàn, kó jẹ́ òun ló ṣe é, kí orúkọ ìyàwó rẹ̀ sì wà níbi tí ọwọ́ aláìsàn á ti kàn án.

“Ìgbà wo lọ́fíìsì yín máa ṣí?” Bó bá ti rí ọmọ rẹ̀ báyìí, ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn.

“Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọlé.”

Ìfilọ́lẹ̀ ọ́fíìsì náà wá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Mínísítà ń bọ̀, àwọn oníròyìn ń bọ̀, gbọ̀ngàn sì ṣófo. Ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì náà ń kùn kiri pé, “Kí la fẹ́ fi han àwọn èèyàn? Ògiri?” Ìyá Òfin bá lọ bá bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé àga yẹn wá síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn.”

Bàbá náà mú gíláàsì kúrò lójú. “Ṣé kò séwu? Mi ò tíì gbàwé kankan lórí ẹ̀.”

“Ibi tí wọ́n ti ń dáàbò bo nǹkan ni mo ní kẹ́ ẹ gbé e wá! Ta ló ń jalè ní bárékè ọlọ́pàá?”

Bàbá Wẹ́dà rẹ́rìn-ín. Ó gbé e wá.

Ọjọ́ náà dùn. Wọ́n ní kí ọ̀gá àgbà, ẹni tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, dùbúlẹ̀ bí aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Bàbá Wẹ́dà fi ọwọ́ kan tẹ irin náà, ọ̀gá àgbà dìde fẹẹrẹ, gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, kámẹ́rà ń kọ yẹ̀rì. Bàbá náà ṣí ìjókòó àga náà, ó pa á dé. Ó fi ìkọ́ abẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n, ó sọ ìdí tí irin fi tẹ̀ níbí tí kò fi tẹ̀ lọ́hùn-ún. Kàǹtà tí wọ́n ti ń gba ìwé kò tíì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí kọ̀ǹpútà bá dé. Ìyá Òfin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó yọ eyín síta. Ẹni tó kọ òfin náà gan-an kò rántí òfin náà, nítorí inú bàbá rẹ̀ dùn, ó sì ti pẹ́ tó ti rí irú ẹ̀ lójú rẹ̀.

Nígbà tí kàǹtà ṣí, bàbá náà ló wà níwájú gbogbo èrò, fìlà rẹ̀ tuntun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni olùyẹ̀wò kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Ìyá Òfin fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì gbé ìwé ìròyìn kan sórí tábìlì.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ìwé ìròyìn yìí ti jáde kí Bàbá tó mú tiwọn wá. Àwòrán àga náà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àlàyé wọn. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, mà.”

Ó wo àwòrán náà. Ẹ̀rín ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ọ̀rọ̀ kan dé ẹnu rẹ̀: bó o bá ṣe bí ẹni tí kò rí i ńkọ́? Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi òfin kan náà dá ọkùnrin kan padà, ẹni tó fi ẹ̀rọ ìfọ́kà rẹ̀ han àwọn àgbẹ̀ abúlé rẹ̀ kó tó wá, ọkùnrin náà sì sunkún lójú kàǹtà níṣojú rẹ̀. Kí ni yóò wí fún ìyẹn? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

“Kọ ohun tó yẹ kó o kọ,” ó ní.

Iwájú ilé ló ti bá bàbá rẹ̀, ó ń fọ ọwọ́. Ìyá Òfin kúnlẹ̀ sórí eruku irin, ó ròyìn gbogbo rẹ̀. Bàbá náà gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ dànù.

“Èmi tí mo ṣe é ni mo fi hàn wọ́n. Mi ò jí i. Wọ́n á ní kì í ṣe tuntun?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é báyìí.”

“Ta ló ṣe irú òfin yẹn?”

“Èmi ni, Bàbá.”

Kò bá a wí. Ká ní ó bá a wí ni, ì bá sàn. Ó nu ọwọ́, ó wọlé, ó da aṣọ bo àga náà bó ṣe máa ń ṣe, bí ẹni pé ìyẹn ṣì wúlò. Ìyá Òfin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú àga náà. Wọn ò jalè. Ohun tí òfin ní kí gbogbo ayé máa mú ni wọ́n mú. Wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n fi orúkọ tiwọn sí i. Agbára Bàbá Wẹ́dà kò ká a láti bá wọn du ọjà. Ìyá Òfin bá sáré fi orúkọ Ẹlẹ́rìn-ín sábẹ́ ààbò gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà, ó sì mú ìwé ẹ̀rí náà wálé. Bàbá náà dì í mú, ó yí i wò.

“O ṣeun,” ó ní. “O ti wá orúkọ fọ́mọ. Ilé onílé lọmọ wà.”

Láti ọjọ́ yẹn, kò tún ronú ohun tuntun kankan mọ́. Géètì nìkan ló ń ṣe.

Àìsàn tó mú ìyàwó rẹ̀ ló padà wá mú òun náà. Apá òsì ni, ẹsẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ni. Ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì kan ti àga funfun kan wọlé, ó ti apá kan bọ abẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó ti èkejì bọ̀ ọ́ lósì, ó tẹ irin sílẹ̀. Bàbá Wẹ́dà dìde jẹ́jẹ́.

“Àga yìí mà dáa o, mà,” nọ́ọ̀sì náà ń sọ fún Ìyá Òfin. “Kí wọ́n tó gbé e dé, ẹ̀yìn ń pa wá! Ẹni tó ronú ẹ̀, Ọlọ́run á bù kún un.”

Ìyá Òfin kò gbọ́ ìyókù. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀ ló ń wò. Ìka bàbá náà ti wọ abẹ́ ìgbápálé, ó ń tọ irin náà lọ síwájú, ó ń tọ̀ ọ́ bọ̀ sẹ́yìn. Irin náà dán. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Kí ni Bàbá ń wá, mà?”

“Orúkọ ìyàwó wọn ni.”

Èèyàn dáadáa ni nọ́ọ̀sì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ abẹ́ ìgbápálé náà wò dáadáa, ó sì dìde.

“Kò sí nǹkan níbẹ̀, mà,” ó ní.