Ojú Ewé Àwọn Àlejò

Akọ̀wé ìjọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kékeré ẹ̀yìn pẹpẹ. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́ débi tí kò fi ní rí ọmọ àbúrò rẹ̀ nídìí tábìlì, tó ń da ìwé orúkọ ìjọ àtijọ́ kọ sínú tuntun. Pásítọ̀ ló gbéṣẹ́ náà fún un. Baba akọ̀wé sì ti sáré wá láti fa ojú ewé ẹ̀yìn ya. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọbìnrin yìí nígbà tí àbúrò akọ̀wé, káfíńtà, àti ìyàwó rẹ̀ gbà á ṣọmọ láti ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Gbogbo ìjọ hó yè. Akọ̀wé nìkan ló fajú ro.

"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn," ló wí fún àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi dé, kò kọ ọmọ náà sábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé ló kọ ọ́ sí, láàárín àwọn àlejò. Àlejò sì rèé, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni baba fi ṣe agídí yìí, títí pásítọ̀ tuntun fi ní kí wọ́n yéé kọ àlejò. Ẹ gbà mí o! Akọ̀wé tó ń fi ohùn iyọ̀ ka ẹ̀mí ìsọdọmọ nínú Bíbélì fún ìjọ nìyẹn. Òun alára, ṣé Ọlọ́run bí i ni, àbí ó gbà á ṣọmọ?

Wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Ti ọmọ yìí yàtọ̀. Òun ló ń wo igba ènìyàn. Nọ́ọ̀sì ni báyìí. Ó ń mú àwọn ìyá arúgbó àdúgbò lọ sílé ìwòsàn, ó ń kọ́ àwọn ọmọ òpópónà níwèé, òun náà ló sì ń kán oògùn sójú akọ̀wé láràárọ̀.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

"O ti dé ẹ̀yìn?"

"Mo mọ ẹ̀yìn ìwé yìí láti kékeré." Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀wé kà, orúkọ mi ni mo wá lọ síbẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ kọ àwọn ọmọ yòókù, àmọ́ ẹ̀ ń kọ tèmi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo rò pé ẹ fẹ́ràn mi jù wọ́n lọ ni. Mo fi yangàn fún gbogbo ẹgbẹ́ mi."

Ikú yá ju ẹ̀sín. Baba fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Ìgbà wo lo wá ka ohun tí mo kọ sókè ewé?"

"Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá."

"O ò sì sọ fún bàbá ẹ?"

"Kí n sọ kí ni? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni yín."

Omi bọ́ lójú akọ̀wé. "Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi." Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin náà yí ìwé tuntun sí i. Lábẹ́ orúkọ káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀, ó ti fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo.

"Ẹ̀yin ni akọ̀wé," ló wí.

Baba ò rí ìlà náà dáadáa, ọmọbìnrin náà bá a gbé ìka lé e. Lẹ́tà baba wọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré.